Mirembe Kawomera
Mirembe Kawomera ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ oníkọfí tí J. J. Keki, ọmọ ìjọ Júù Abayudaya, dá sílẹ̀ ní 2004 nítòsí Mbale, ní Ùgáńdà. Semei Kakungulu ló bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà ní 1919. Idi Amin, ààrẹ Ùgáńdà, sì fòfin de ẹ̀sìn wọn nígbà ìjọba rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé òwò lásán ni kọfí títà, pé kì í ṣe iṣẹ́ ìjọ. Ṣùgbọ́n ojúṣe ni ìrànlọ́wọ́ jẹ́ lábẹ́ òfin Júù, bí sàká ti jẹ́ fún Mùsùlùmí, Maimonides, amòye òfin Júù, sì ti kọ́ni ní ọ̀rúndún kejìlá pé ríran aláìní lọ́wọ́ títí yóò fi lè dá dúró ga ju ọrẹ àánú lọ. Júù, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Amẹ́ríkà ni wọ́n ta kọfí wọn sí, ní iye tó ju ti ọjà ìbílẹ̀ lọ.