Ẹkùn Inú Pápá Gẹ̀ẹ́sì: Ṣé Ká Gbà Á Gbọ́?

Ọmọdé ni William Cobbett, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó rí ológbò ràbàtà kan tí ó wọ inú ihò igi nítòsí àwókù Waverley Abbey, ní ìgbèríko Surrey. Ó ní ẹranko náà tó ajá ní títóbi. Nígbà tí ó délé tí ó ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹgba ni wọ́n fi dá a lóhùn. Cobbett kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó dàgbà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Rural Rides, tí ó jáde ní 1830.

Láti ìgbà náà títí di òní, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò tán nílẹ̀ ọ̀hún. Ní 1983, àgbẹ̀ kan nítòsí South Molton, ní Devon, figbe ta pé àgùntàn òun tí ó lé ní 100 ti kú láàárín oṣù mẹ́ta, tí ọgbẹ́ sì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n kó àwọn ọmọ ogun Royal Marines wá, wọ́n lúgọ sínú pápá tìbọntìbọn. Àwọn kan nínú wọn ní àwọn fojú gán-án-ní ohun kan, ṣùgbọ́n wọn kò rí nǹkan kan pa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwọn àgbẹ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó rántí pé ṣáájú 1976, ẹnikẹ́ni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sin ẹkùn sílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1969, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ra ọmọ kìnnìún ní ilé ìtajà Harrods ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹni ra ẹran ọ̀sìn lọ́jà, wọ́n sì ń sìn ín ní àdúgbò Chelsea. Nígbà tí òfin dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn kan dá ẹranko tiwọn sílẹ̀ sínú igbó. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹkùn inú igbó kì í sábà lò kọjá ọdún 15. Bí ẹkùn bá ṣì wà níbẹ̀ lónìí, a jẹ́ pé wọ́n ń bímọ ni, òkú wọn ì bá sì ti máa wà lójú títì bí òkú àwọn ẹranko mìíràn tí mọ́tò ń pa.

Bodmin Moor, ní Cornwall, ni ariwo ti pọ̀ jù. Ní 1995, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ rán àwọn olùwádìí lọ. Wọ́n gbé àwọn fọ́tò àti fídíò tí àwọn ènìyàn yà, wọ́n padà sí ojú ibi tí wọ́n ti yà wọ́n gan-an, wọ́n sì na ọ̀pá ìwọ̀n síbi tí ẹranko náà dúró sí. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ẹkùn dúdú kò ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ láti ilẹ̀ dé èjìká. Ológbò ilé ni. Kì í ṣe pé àwọn tí ó rí i purọ́. Nínú pápá gbalasa, ní àṣálẹ́, kò sí ohun tí ojú yóò fi díwọ̀n ẹranko. Ìròyìn wọn jáde ní oṣù keje: àwọn kò rí ẹ̀rí tí ó dájú, ṣùgbọ́n àwọn kò lè búra pé kò sí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọkùnrin kan rí agbárí ẹranko eléhín ṣóńṣó nínú odò Fowey. Àwọn onímọ̀ ní Natural History Museum yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹkùn ni lóòótọ́! Àmọ́ ojú ọ̀bẹ wà lára agbárí náà, bíi ti orí tí a yọ lára awọ ẹkùn tí wọ́n ń tẹ́ sílé fún ẹwà. Wọ́n tún bá àpò ẹyin aáyán nínú rẹ̀, aáyán ilẹ̀ olóoru tí kò lè yé ẹyin sínú odò Cornwall. Òkè òkun ni ẹkùn náà kú sí. Ẹni tí ó sọ agbárí náà sódò kò yọjú.

Síbẹ̀, àwọn kan ti wà tí kì í ṣe àròsọ. Ní 1980, àgbẹ̀ kan ní Cannich, ní Scotland, dẹ páńpẹ́, ó sì mú puma láàyè. Ara rẹ̀ sanra, ó sì fẹ́ràn kí ènìyàn máa rìn ín ní ìgìgì; ta ni kò mọ̀ pé ilé ènìyàn ló ti wá? Nígbà tí ó kú, wọ́n tọ́jú awọ rẹ̀ sí mùsíọ́mù Inverness. Ní mùsíọ́mù Bristol náà, òkú lynx kan wà tí wọ́n pa ní Devon ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ eyín àti egungun rẹ̀ wò, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé ó ti pẹ́ ní ìgbèkùn. Ìyẹn ni pé ẹranko ń sá kúrò lọ́wọ́ olówó kí òfin 1976 tó dé rárá.

Ní ìdàkejì, ní oṣù kẹjọ 2012, ọlọ́pàá àti hẹlikópítà wá kìnnìún káàkiri St Osyth, ní Essex. Wọn kò rí ìpasẹ̀ rẹ̀. Ológbò onírun kíkún kan tí ń gbé nítòsí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n rí.

Èyí tí ó ṣì le ni ti Cumbria. Ní 2023, wọ́n fi òwú nu ojú ọgbẹ́ òkú àgùntàn kan níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robin Allaby ti Yunifásítì Warwick yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá àmì DNA Panthera, ìdílé tí kìnnìún àti ẹkùn ti wá. Èyí kọjá fọ́tò àṣálẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹyọ kan ni, láti ara òkú ẹran ẹyọ kan. Lẹ́yìn agbárí odò Fowey, ó yẹ kí a rí irú rẹ̀ kejì láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ní ibòmíràn.