Ẹ̀rọ NAS: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tí Yóò Pa Fíìmù, Orin àti Fọ́nrán Ẹbí Yín Mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí ẹ bá ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣàn, ẹ óò bá kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tó ti lé ní ogún ọdún, àwo orin Ebenezer Obey àti ti Haruna Ishola, VCD fíìmù àgbéléwò, àti fọ́nrán ayẹyẹ tí ohùn àwọn àgbà tó ti papòdà wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ ń lọ lórí gbogbo wọn. Téèpù máa ń bu bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, ara àwo máa ń ha, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì VHS, ti dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró ní oṣù keje, ọdún 2016.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń ṣe àdàkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn tún ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: díẹ̀ wà lórí láptọ́ọ̀pù bàbá, díẹ̀ wà nínú fóònù ìyá, ìyókù sì wà nínú fláàṣì tí ẹnikẹ́ni kò rántí ibi tó wà mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan ni wọ́n ń pè ní NAS.

Kí ni NAS?

Ìkékúrú Network Attached Storage ni NAS, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí a so mọ́ ráútà inú ilé. Àpótí kékeré ni, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju rédíò orí tábìlì lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń ki hard disk sí, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, méjì, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀ bíi kọ̀ǹpútà, kò sì nílò kí kọ̀ǹpútà kankan wà ní títàn kó tó ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fi wáyà so ó mọ́ ráútà, tẹlifíṣàn pálọ̀, fóònù àwọn ọmọ àti láptọ́ọ̀pù inú yàrá lè máa wo ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: fíìmù tó bá ti inú NAS lọ sí tẹlifíṣàn nínú ilé kan náà kì í jẹ dátà. Ráútà nìkan ló ń gbé e kiri. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá tilẹ̀ sí, wọ́n á máa wò ó lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹrù yín

Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Kí ẹ tó béèrè iye térábáìtì tí ẹ óò rà, ẹ ka ohun tí ẹ ní. Fíìmù VCD kan kì í ju nǹkan bíi 800 mẹ́gábáìtì lọ. DVD tó wọ́pọ̀ ń gba 4.7 gígábáìtì. Téèpù MiniDV ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 13 fún wákàtí kan. Àwo orin CD kan, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ ní ìlànà FLAC tí kì í dín ohùn kù, lè gba nǹkan bíi 350 mẹ́gábáìtì.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹbí kan tó ní DVD 100, MiniDV ogún wákàtí àti CD orin 300. DVD yóò gba gígábáìtì 470, MiniDV yóò gba 260, orin yóò gba 105. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 835, kò tíì pé térábáìtì kan. Ohun tó ń yára kún àyè lónìí ni fídíò 4K tí àwọn ọmọ ń fi fóònù yà, nítorí ìṣẹ́jú kan rẹ̀ lè gba láti 170 títí dé 400 mẹ́gábáìtì. Fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀, àyè térábáìtì mẹ́rin yóò tó fún ọdún mélòó kan.

Táíwò àti Kẹ́yìndé kò tó

Hard disk kì í pẹ́ títí ayé. Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley gbé ìwé jáde lórí ọgbọ́n tí wọ́n pè ní RAID, èyí tó ń mú kí disk púpọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan. Oríṣi tó yẹ àpótí olójú méjì ni RAID 1. Ohun tí wọ́n bá kọ sí ara Táíwò, ni wọ́n ń kọ sí ara Kẹ́yìndé. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Disk térábáìtì mẹ́rin méjì yóò wá fún yín ní àyè mẹ́rin péré, kì í ṣe mẹ́jọ. RAID 5 nílò disk mẹ́ta ó kéré tán, ó sì lè fara da ikú ọ̀kan; RAID 6 nílò mẹ́rin, ó lè fara da ikú méjì. Ní ti RAID 0, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó fọ́nrán ẹbí sí i, nítorí bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ lọ.

Àmọ́ o, RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì pa fọ́nrán rẹ́ lára Táíwò, ó ti pa rẹ́ lára Kẹ́yìndé lójú ẹsẹ̀. Bí olè bá gbé àpótí, àwọn ìbejì jọ lọ ni. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni 3-2-1: kí ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì tó yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan sì wà ní ìta ilé. Hard disk kan tí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní ìlú mìíràn, tí ẹ ń ṣe àdàkọ tuntun sí i lóṣooṣù, lè jẹ́ ẹ̀dà ti ìta ilé yẹn.

Wáyà tàbí Wi-Fi?

Fíìmù DVD kì í ju nǹkan bíi mẹ́gábíìtì mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò Blu-ray lè dé 40. Ti 4K orí àwo lè dé 128. Wáyà ráútà ìgbàlódé ń gbé mẹ́gábíìtì 1,000, nítorí náà kò sí ìdí láti náwó lé ohun tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú wáyà ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn kò ju 100 lọ, ibẹ̀ sì ni fíìmù 4K tó wúwo ti máa ń kọsẹ̀. Ní ti Wi-Fi, ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń fa agbára rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dára kí NAS fúnra rẹ̀ wà lórí wáyà nígbà gbogbo, kí Wi-Fi jẹ́ ti fóònù àti láptọ́ọ̀pù.

Ògbufọ̀ inú àpótí

Oríṣiríṣi èdè ni wọ́n fi ń kọ fídíò: H.264 jáde ní ọdún 2003, H.265 ní 2013, AV1 ní 2018. Bí tẹlifíṣàn kò bá gbọ́ èdè tí fíìmù wà, NAS ní láti ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ yìí sì máa ń mú kí ọpọlọ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú gbóná. NAS tó ní ọpọlọ Intel pẹ̀lú Quick Sync máa ń ṣe é pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Kí ẹ tó náwó lé ògbufọ̀, ẹ dán èyí wò: ẹ kó mélòó kan nínú fíìmù yín sínú fláàṣì, kí ẹ sì ki í bọ tẹlifíṣàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ kò nílò NAS olówó ńlá.

Ètò tí ń to fíìmù lẹ́sẹẹsẹ fún yín náà wà. Ọ̀fẹ́ pátápátá ni Jellyfin, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018. Plex rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ti ń gba owó bí ẹ bá fẹ́ wo fídíò yín láti ìta ilé.

Disk tòkunbọ̀ àti disk tuntun

Ẹ béèrè disk tí wọ́n ṣe fún NAS, tó lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá CMR ni tàbí SMR. Nínú SMR, ojú ìlà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí gun ara wọn bíi páànù òrùlé, àtúnkọ rẹ̀ sì máa ń falẹ̀. Bí disk kan bá kú nínú RAID, àtúnṣe lè gba ọjọ́ púpọ̀. CMR ni kí ẹ mú.

Bí ẹ bá ń ra disk lọ́jà, ì báà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ sì wo àkọsílẹ̀ SMART tó ń sọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Disk tuntun kò gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ̀rún wákàtí.

Iná àti olè orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀tá NAS tó burú jù nílẹ̀ wa ni iná tó ń lọ lójijì, nítorí ó lè ba àkọsílẹ̀ jẹ́ níbi tí disk ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́. UPS tó ní wáyà USB ni kí ẹ rà. Yóò sọ fún NAS pé iná ti lọ, NAS yóò sì pa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àpótí olójú méjì sábà máa ń jẹ wáàtì 15 sí 30. Bó bá jẹ́ 30 ló ń jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò tíì pé yúníìtì iná kan lójúmọ́, ínfátà inú ilé sì lè gbé e. Ẹ má ṣe tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì máa nu eruku rẹ̀ ní àsìkò ọyẹ́.

Ní ọdún 2021 àti 2022, àwọn ọ̀daràn tó lo ètò Qlocker àti DeadBolt ti ọ̀pọ̀ NAS tó ṣí sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pa, wọ́n sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Bí ọmọ yín tó wà ní London bá fẹ́ wo fọ́nrán ilé, VPN ni kí ó gbà wọlé, kí ọ̀rọ̀ aṣínà yín gùn, kí ẹ sì máa gba àtúnṣe tuntun tí iléeṣẹ́ bá fi ránṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò NAS

Ilé tó ní tẹlifíṣàn kan ṣoṣo lè fi hard disk USB ṣe é. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè sọ ọ́ di NAS pẹ̀lú Linux àti Jellyfin. Èyí tó wù kí ẹ yàn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ọjà: ẹ wá ẹni tí ẹ̀rọ VHS rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì tó dàgbà jù lọ nínú ilé. NAS tuntun yóò wà lọ́jà lọ́dún tó ń bọ̀. Ohùn ìyá àgbà tó wà nínú téèpù tó ti ń bu lè má dúró títí di ìgbà náà.