Káàdì àwòrán àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀: ìtàn tó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ kí wọ́n tó náwó

 

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń ya fídíò òde kó àjọ rẹ̀, ó fi ra káàdì àwòrán fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó délé, káàdì ò wọlé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹlẹbẹ, káàdì ga. Ẹni tó tà á ní òun ò gba ọjà padà. Owó oṣù mẹ́fà ló wà lórí tábìlì yẹn báyìí. Ará iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, àwa náà sì ti jìn sí kòtò yìí rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká sọ ìtàn rẹ̀.

Iṣẹ́ ló kó ọ̀pọ̀ wa wá síbí. Ilé ìfọpo tó wà ní Ekpan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ilé iṣẹ́ irin Aladja tẹ̀ lé e ní 1982. Láàárín ọdún méjèèjì yẹn, ní 1981, IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: PC yẹn ò lè gbé nǹkan kan sójú mọ́nítọ̀ láìsí káàdì. Ẹ̀yà méjì ló wà, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan, èkejì fún àwòrán aláwọ̀. Ẹ ò rí i pé káàdì ló ṣáájú? Àwòrán tí wọ́n kàn mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn ló dé.

1999 ni ọ̀nà pín sí méjì. Intel gbé 810 jáde, ó fi iṣẹ́ àwòrán sínú bọ́ọ̀dù kí kọ̀ǹpútà lè dín lówó. Lọ́dún kan náà, NVIDIA gbé káàdì GeForce 256 jáde fún àwọn tó ń ṣe géèmù. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì òyìnbó ra èyí tó dín lówó. Nígbà tí wọ́n lò ó tán, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde lórí ohun tí wọ́n rí ní Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 ẹrù kọ̀ǹpútà àti irú rẹ̀ ló ń wọlé lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà sọ fún wọn pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò ṣe é tún ṣe, tí kò sì ṣe é tà.

Nínú èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àwòrán ò ní ìkòkò tirẹ̀. Inú ìkòkò RAM ló ti ń bu oúnjẹ. Kọ̀ǹpútà tó ní 256 MB, tí àwòrán bá bu 64, 192 ló kù fún gbogbo iṣẹ́ yòókù. Torí náà ni gbogbo wa ṣe ń wá káàdì. Àmọ́ 810 ò ní ojú ihò AGP tí káàdì ìgbà yẹn ń wọ̀. Nígbà tó sì di 2004, PCI Express bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò AGP. Ìkan ò wọ ihò ìkejì. Owó ṣòfò nígbà yẹn, ẹ má bi wá.

Òótọ́ mìíràn tún wà. Káàdì tí a rà láyé ìgbà yẹn ò mú kí fídíò yára bí a ṣe rò, torí CPU ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. 2010 ni Adobe Premiere Pro CS5 bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì NVIDIA láti fi yára. Ṣùgbọ́n ní 2011, Intel náà fi ohun tó ń ràn fídíò lọ́wọ́ sínú CPU fúnra rẹ̀. Nítorí náà, àwòrán àkànmọ́ òde òní kì í ṣe ti 1999 mọ́. Nígbà mìíràn, RAM méjì tó bára mu ti tó.

Tó bá jẹ́ pé káàdì lẹ fẹ́ lóòótọ́, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ wo irú ihò tó wà níbẹ̀. Ẹ wọn gíga àti gígùn àyè rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára power pack: ihò PCI Express ò lè fún káàdì ju wáàtì 75 lọ, èyí tó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ wáyà tirẹ̀ láti ara power pack. Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ kékeré yín pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi í sí i, ẹ yọ wáyà iná kúrò pátápátá, ẹ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó ki káàdì bọhò, kí ẹ sì de skúrù rẹ̀. Ẹ wá yọ wáyà mọ́nítọ̀ kúrò lójú àtijọ́, ẹ fi sára káàdì tuntun. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí: ojú mọ́nítọ̀ dúdú, a pariwo pé káàdì ti kú, àṣé wáyà ló wà lójú àtijọ́!

Káàdì ọmọ wa ò bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà tó ga, tó ní power pack tó tó, ló ń wá. Ẹni tó bá ní òkú rẹ̀ nílé tí kò lò ó mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó wa létí. Fídíò òkú àgbà méjì nínú wa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì parí, ohùn wọn sì wà nínú rẹ̀.

Ire o.