Pátákó ìkéde orí kọ̀ǹpútà: Ta ló ń ṣọ́ ọ?

Bí ọmọ bá sọnù ní Ìkòtún, bí yàrá bá ṣófo ní Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí bí ẹgbẹ́ àwọn onílé bá fẹ́ pe ìpàdé pàjáwìrì ní Ìgándò, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ lónìí. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, iye tó pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò sí agogo akéde tó lè dún dé etí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí fóònù ni irú pátákó ìkéde bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì kún fún ẹ̀kọ́ nípa ààbò.

Ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1978 ni Ward Christensen àti Randy Suess ṣí irú pátákó bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ tí ará ìlú lè fi tẹlifóònù pè, ní ìlú Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ okùn tẹlifóònù, yóò ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ, yóò sì fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1984, Tom Jennings dá FidoNet sílẹ̀, èyí tó mú kí irú àwọn pátákó bẹ́ẹ̀ máa pe ara wọn lóru, nígbà tí owó ìpè bá wálẹ̀, láti pààrọ̀ ìsọfúnni. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé inú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni náà lè ka lẹ́tà àṣírí, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá sì bàjẹ́ láìsí ẹ̀dà, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀wọ́n okùn tẹlifóònù kò jẹ́ kí irú pátákó yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ilé àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ilé káfẹ́ ìgboro, àti fóònù GSM tó dé ní ọdún 2001, ni ọ̀pọ̀ gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀, ó sì di gbàgede ńlá tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2014, ọ̀daràn kan wọ inú kọ̀ǹpútà tí Nairaland wà lórí rẹ̀, ó sì ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́. Ó tún dé ibi tí wọ́n kó ẹ̀dà ìpamọ́ sí. Ohun tó kó wọn yọ ni ẹ̀dà mìíràn tó wà níbi tó jìnnà, ṣùgbọ́n oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ìyẹn parí sí. Nígbà tí Nairaland padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ fún bí oṣù márùn-ún kò bá a padà.

Lónìí, WhatsApp ló ti gba iṣẹ́ akéde ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Láti ọdún 2016 ni iléeṣẹ́ náà ti ń fi àdììtú bo ìsọfúnni, débi pé ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè kà á. Síbẹ̀, àdììtú kò dínà mọ́ ẹni tí a fọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn fún. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń tan ènìyàn láti fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i gbà, wọn á gba àkáǹtì rẹ̀, wọn á sì máa fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ ni, wọ́n lè yọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dànù.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Kí oníkálukú tan ìdánimọ̀ onípele méjì sórí WhatsApp rẹ̀, kó má sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló béèrè. Kí alábòójútó ju ẹyọ kan lọ. Kí wọ́n pààrọ̀ líǹkì ìwọlé bó bá ti di ti gbogbo ayé.

Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì pàṣẹ pé bí ìsọfúnni ará ìlú bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè pa wọ́n lára, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Ṣùgbọ́n òfin lè fìyà jẹ olè. Kò lè dá ohun tí kò ní ẹ̀dà padà.

Pátákó náà yóò tún pààrọ̀ aṣọ, gẹ́gẹ́ bó ti kúrò lórí okùn tẹlifóònù bọ́ sórí fóònù alágbèéká. Èyí tó bá wù kó dé, ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa kọ owó tó wọlé àti ìpinnu ìpàdé sínú ìwé pẹ̀lú.