Ìtàn Ọ̀rọ̀ 'Kansakoulu' ní Ilẹ̀ Fínlándì

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé ìlò lè yí ìtumọ̀ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ padà. Àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ ni kansakoulu: kansa ni 'àwọn ará ìlú', koulu ni 'ilé-ẹ̀kọ́'. Skola ti èdè Swídìn ni wọ́n yá di koulu, wọ́n sì pa kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ jẹ. Yorùbá kò pa tirẹ̀ jẹ nínú súkúù. Fáwẹ̀lì ni ó fi là á láàrin. Folkskola, ti èdè Swídìn kan náà, ni àwòkọ́ṣe àkànpọ̀ yìí.

Uno Cygnaeus, olórí àkọ́kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Jyväskylä ní 1863, ni aṣáájú ètò náà. Ó fẹ́ kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ kàwé níbẹ̀. Òfin 1866 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n oppikoulu, tí ó ń gba owó, wà lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà yunifásítì gbà. Òfin 1921 sọ ẹ̀kọ́ di dandan, síbẹ̀ ọ̀nà kò di ẹyọ kan. Báyìí ni 'ilé-ẹ̀kọ́ ará ìlú' ṣe di ti mẹ̀kúnnù.

Nígbà tí òfin 1968 fẹ́ da ọ̀nà méjèèjì pọ̀, orúkọ àtijọ́ kò wúlò mọ́. Peruskoulu, 'ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀', ni wọ́n mú, ó sì tàn láti àríwá dé gúúsù láàrin 1972 sí 1977. Orúkọ kejì yìí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni ó fi gba gbogbo ọmọ.