Títì-lẹ́yìn àti Gbígbà nínú Tẹ́tẹ́ Ẹṣin Méjì: Àgbéyẹ̀wò láti Newmarket

Ohun tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ìyàtọ̀ tí a máa ń fi sáàrin ẹni tí ó fi owó ti ẹṣin kan lẹ́yìn àti ẹni tí ó gba tẹ́tẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń fẹ́ kí ẹṣin náà borí. Ẹnì kejì ń fẹ́ kí ó fìdí rẹmi, nítorí òun ni yóò sanwó bí ó bá borí. A ó máa pe ìṣe àkọ́kọ́ ní títì-lẹ́yìn, a ó sì máa pe ìkejì ní gbígbà. Èrò wa ni pé níbi tí ẹṣin bá ti jẹ́ méjì péré, ìṣe kan náà ni méjèèjì. Òwò àti òfin ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo Newmarket, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1799. Hambletonian, ẹṣin Sir Henry Vane-Tempest, àti Diamond, ẹṣin Joseph Cookson, sáré nítorí 3,000 gínì. Hambletonian ni ó borí, ṣùgbọ́n kò tó gígùn ọrùn ẹṣin kan tí ó fi ṣíwájú. (George Stubbs ya àwòrán ẹṣin yìí lẹ́yìn eré náà, ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ẹranko náà jìyà.) Nínú irú eré báyìí, ẹni tí ó ti Hambletonian lẹ́yìn ti gba tẹ́tẹ́ lórí Diamond nìyẹn.

Ìṣirò fi èyí hàn. Kí á ní ẹnì kan fi pọ́n-ùn 10 ti Diamond lẹ́yìn, àdéhùn sì ni pé pọ́n-ùn 1 yóò di 2.50. Ẹni tí ó gba tẹ́tẹ́ náà yóò pàdánù 15 bí Diamond bá borí. Bí Hambletonian bá borí, yóò jèrè 10. Ẹni tí ó bá fi 15 ti Hambletonian lẹ́yìn, níbi tí pọ́n-ùn 1 ti ń di nǹkan bí 1.67, yóò pàdánù 15 tàbí kí ó jèrè 10 bákan náà. Iye tí ó bára mu nìyẹn: a yọ 1 kúrò nínú 2.50, a sì fi 1.50 tí ó kù pín in. Bí ọjà bá ń fi 1.65 péré lọ ẹni tí ó fẹ́ ti Hambletonian lẹ́yìn, 9.75 ni 15 rẹ̀ yóò mú wá. Kí ó yáa gba tẹ́tẹ́ lórí Diamond. Bí ó bá jẹ́ 1.70, títì-lẹ́yìn ni ó sàn.

Eré ẹlẹ́ṣin púpọ̀ ni ó yí ọ̀ràn padà, nítorí ẹni tí ó gba tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin kan níbẹ̀ ti gbogbo ìyókù lẹ́yìn. Ìtàn máa ń ka Harry Ogden, ní Newmarket ní àwọn ọdún 1790, sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi gbígbà tẹ́tẹ́ lórí gbogbo ẹṣin inú eré ṣiṣẹ́ ṣe. Bí gbígbà ṣe di iṣẹ́ àwọn díẹ̀ nìyẹn. Òfin ọdún 1853 ka ilé tẹ́tẹ́ léèwọ̀. Òfin ọdún 1960 dá a padà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ.

Ní ọdún 2000 ni Andrew Black àti Edward Wray dá Betfair sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì tún lè gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn oníwèé àṣẹ fárí gá: wọ́n ní ẹni tí yóò jèrè lórí ìfìdírẹmi yóò dọ́gbọ́n sí i kí ẹṣin má borí. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ọdún 1791. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Escape, ẹṣin Ọmọ-Ọba Wales, tí Samuel Chifney gùn, ṣe ìkẹyìn nínú ẹṣin mẹ́rin. Ní ọjọ́ kejì ó borí, owó orí rẹ̀ sì ti lé sí i. Ohun tí àwọn ènìyàn fura sí ni pé ńṣe ni wọ́n fa ẹṣin náà sẹ́yìn kí èrè àwọn tí yóò tì í lẹ́yìn lọ́jọ́ kejì lè pọ̀. Chifney sẹ́, Ọmọ-Ọba fi Newmarket sílẹ̀. Títì-lẹ́yìn ni wọ́n ń dá lẹ́bi níbẹ̀, kì í ṣe gbígbà.

Ní ti ìdíje ẹlẹ́ni-méjì, irú bíi tẹníìsì, kíka gbígbà léèwọ̀ kò tilẹ̀ lè dí ihò kankan: ẹni tí ó ń retí ìfìdírẹmi ẹnì kan yóò kàn ti ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn ni.