Ọkùnrin tó bẹ́ jáde nínú bàálù: ohun tí a mọ̀ àti ohun tí à ń rò

Ìtàn tí a mú wá fún yín lónìí jẹ́ ìtàn olè kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó gbà lọ. Bí ẹ bá ti ń kà á, ẹ máa ya ohun tí a mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí à ń rò.

Ohun tí a mọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1971, ọkùnrin kan lọ sí ibùdó bàálù ní ìlú Portland. Ó san 20 dọ́là, ó gba ìwé ìrìnnà lọ sí Seattle. Ó ní Dan Cooper ni orúkọ òun. Láyé ìgbà náà, kò sí òfin pé kí wọ́n tú ẹrù gbogbo èrò wò kí wọ́n tó wọ bàálù.

Nígbà tí bàálù gbéra, ó fi ìwé kékeré kan lé ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó ń tọ́jú èrò lọ́wọ́. Obìnrin náà rò pé ọkùnrin yìí ń wá ọ̀rẹ́ ni. Kò kà á, ó fi í sápò. Ọkùnrin náà wá sọ fún un pé kó yáa ka ìwé náà, nítorí bọ́ǹbù wà lọ́wọ́ òun.

Ó ní kí wọ́n fún òun ní 200,000 dọ́là àti paraṣúùtì mẹ́rin. Paraṣúùtì ni aṣọ ńlá tó máa ń ṣí bí agbòjò, tó ń gbé ènìyàn láti òkè wá sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní Seattle, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, kò sí èyí tó farapa nínú wọn. Ó wá ní kí àwọn awakọ̀ gbé òun gba ọ̀nà ilẹ̀ Mẹ́síkò, kí wọ́n má fò ga, kí wọ́n má sì sáré.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, nínú òjò àti òtútù, ó gba ẹnu ọ̀nà ìdí bàálù bẹ́ sínú òkùnkùn. Nígbà tí bàálù balẹ̀ ní ìlú Reno, wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Táì ọrùn rẹ̀ àti paraṣúùtì méjì ló kù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń rò.

Àwọn kan ní ó kú. Wọ́n ní igbó ńlá ló bẹ́ sí, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe bàtà igbó, paraṣúùtì rẹ̀ kò sì ṣeé darí. Àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun wá igbó náà, wọn kò rí òkú.

Àwọn mìíràn ní ó yè, ó sì ń jayé. Ṣùgbọ́n bó bá yè, èwo ni ká ti gbọ́ owó náà? 10,000 ni bébà owó náà, 20 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó fún un, wọ́n ti ya àwòrán nọ́ńbà orí gbogbo wọn. Kò sí ìkankan tí wọ́n rí lọ́jà.

Ní ọdún 1980, ọmọdé ọlọ́dún mẹ́jọ kan ń fi ọwọ́ wa yanrìn létí odò Columbia. Ó rí owó tó ti ń jẹrà, 5,800 dọ́là. Àwọn ọlọ́pàá wo nọ́ńbà rẹ̀: owó Cooper ni. Àwọn kan ní odò ló gbé e débẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ yẹ owó náà wò. Wọ́n rí àwọn ohun abẹ̀mí inú omi lára rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Irú èyí tó máa ń pọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá ń móoru ni, kì í sì í pọ̀ lóṣù kọkànlá. Ó jọ pé ìgbà mìíràn ni owó náà wọ omi.

Àwọn kan tún ní Richard McCoy ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, òun náà já bàálù gbà, ó gba 500,000 dọ́là, ó sì fi paraṣúùtì bẹ́. Wọ́n mú un láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Níhìn-ín, òwe yẹn kò tó ẹ̀rí. Àwọn obìnrin inú bàálù rí Cooper lójúkojú, àpèjúwe wọn kò sì bá McCoy mu.

Ìwé àwòrán kan tún wà tí wọ́n fi èdè Faransé kọ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Akọni inú rẹ̀ ń jẹ́ Dan Cooper, ológun tó ń wa bàálù ni. Àwọn kan rò pé ibẹ̀ ni olè náà ti mú orúkọ. Èrò nìyẹn náà.

Láàrin ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, àwọn ọlọ́pàá FBI yẹ ọ̀rọ̀ ènìyàn tó ju 800 lọ wò. Ní ọdún 2016, wọ́n dáwọ́ ìwádìí náà dúró. Jíjá bàálù gbà bí èyí sì wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà pàṣẹ, láti ọdún 1973, pé kí wọ́n yẹ gbogbo èrò àti ẹrù wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé, ẹ wo nǹkan méjì. Àwọn kan fara balẹ̀ kọ nọ́ńbà owó pamọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ ó lé, ìwé yẹn ló sọ owó ti ẹni tí í ṣe. Akọ̀ròyìn kan sì ṣi orúkọ olè náà kọ, ó kọ D. B. Cooper. Ẹnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, àwọn ọlọ́pàá ti bi í léèrè, wọ́n rí i pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ tí olè náà kò pe ara rẹ̀ rí yìí ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní.

Bí ewúrẹ́ bá sọnù lábúlé, tí wọ́n dárúkọ ẹnì kan fún yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló fojú rí i? Ta ló kàn gbọ́ ọ? Ta ló kàn ń rò ó? Ẹ kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó pe ọmọ ẹlòmíràn ní olè.